Ìkíni Lábẹ́ Òòlù

"Bí ẹ bá fẹ́ ti àbúrò mi sókun, ẹ tì í, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìdájọ́! Ẹ pè é ní ìwà ọ̀lẹ!"

Ohùn Níníọlá gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ òkun tó bà sórí ògiri fi fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìlú Etí-Ògiri ló ti gun orí ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tàgbà tèwe, pẹ̀lú akẹtẹ̀ funfun tí wọ́n fi ń sá fún oòrùn, wọ́n tò gbọọrọ bí eyín àgbàdo. Òkun wà lápá òsì wọn, ó ń forí gbá ògiri bí àgbò. Ìlú wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òkun ìbá ti gbà tipẹ́tipẹ́ bí kì í bá ṣe ti ògiri. Àárín méjèèjì ni Àlàó dúró sí. Àlàó ni ẹ̀rọ tó ń gbá òpó wọlẹ̀. Ó ga ju ilé alájà méjì lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú náà kì í sì í yé yí wò kiri. Òòlù rẹ̀ sùn sílẹ̀ bí ajá tó jẹun yó, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Olórí Ògiri, ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọláìtán, kò gbé ohùn tirẹ̀ sókè. Ẹni tó lágbára àtiti èèyàn sókun kò nílò ariwo. Ó ní kí Níníọlá fara balẹ̀, pé kò sí ohun tí àwọn kò tíì yẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀dé, àbúrò Níníọlá, ló wà lórí àga tí wọ́n ti ń wa Àlàó. Fọlárìn ló wà lábẹ́ òòlù, tó ń tún òṣùká okùn tó wà lórí òpó ṣe, kí irin má baà fọ́ òpó náà. Òòlù já. Fọlárìn kú. Kí ló tún kù?

"Ẹni tó wà lórí àga ló ni ọwọ́ tó ṣe é," ó ní. "Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ òfin yẹn. Àbí wọn ò kọ́ ọ nílé ìwé ni?"

"Ilé ìwé wo?" Níníọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò bí ewúro. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sáyè fún ọmọ ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀rọ tó ti kú, tí ẹ dà nù, ni mo tú palẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bẹ̀rù ẹ̀rọ, tí n kò sì bẹ̀rù ẹni tó ni ín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ akẹtẹ̀. Àwọn kan pòṣé. Ẹnu Níníọlá kò ní ìlẹ̀kùn, gbogbo ìlú ló mọ̀, gbogbo ìlú náà ló sì ń gbé ẹ̀rọ lọ bá a nígbà tó bá bàjẹ́.

Bọ̀dé kò rẹ́rìn-ín, kò sì pòṣé. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kékeré kan ló jókòó sí, wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ọkọ̀ náà kò ní àjẹ̀, kò sì ní aṣọ ìgbòkun. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á sọ òun àtọkọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì ògiri, òkun á sì gbé e lọ síbi tó bá wù ú. Kò tíì sí ẹni tó padà wá ròyìn ibẹ̀.

Fọlárìn náà ò jìnnà. Inú òpó ló wà. Ìlú tí kò ní ilẹ̀ gbígbẹ kò lè ní ibojì. Inú òpó oníhò ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí ní Etí-Ògiri, wọ́n á rọ sìmẹ́ńtì lé e lórí, wọ́n á sì gbá a wọ ìsàlẹ̀ òkun, kí ó lè máa bá àwọn alààyè di ògiri mú. Wọ́n ti gbé òpó Fọlárìn sí ojú àlàfo tí ìgbì ọ̀sẹ̀ tó kọjá já sílẹ̀. Orí rẹ̀ yọ sókè ògiri dé ìwọ̀n àyà èèyàn, ó ń retí òòlù. Ṣùgbọ́n a kì í gbá òkú wọlẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ lọ́rùn. Ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tán. Àti pé títí òkú á fi wọlẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ tó pa á.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà ni Baba Jẹ́gẹ́dẹ́, bàbá Fọlárìn, jókòó sí lórí okùn wíwé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ọwọ́ náà le bí èèpo igi. Kí wọ́n tó gbé Àlàó dé, òun ni olórí àwọn tó ń fọwọ́ gbá òpó. Ọkùnrin rẹpẹtẹ á di okùn mú, òun á dá orin, wọ́n á gbè é, òòlù á gòkè lórí orin, á sì balẹ̀ lórí orin. Bí ó bá rí ẹnì kan lábẹ́ òòlù, kò ní í jẹ́ kí orin dé ibi ìsọ̀kalẹ̀. Á kàn máa yí i po lẹ́nu, á máa yí i po, títí onítọ̀hún á fi kúrò. Kò sí ẹni tó kú lábẹ́ orin rẹ̀ rí. Wọ́n gbé Àlàó dé, orin parí.

Òun náà ló ju okùn sí Níníọlá àti Bọ̀dé lọ́jọ́ tí wọ́n léfòó dé ẹsẹ̀ ògiri, ọmọdé méjì nínú ọpọ́n ìfọṣọ, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fi ọ̀pá tì wọ́n padà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gé okùn náà, kí ó kọ́kọ́ gé ọwọ́ òun.

Níníọlá kò wo apá ibẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni kò ti wo apá ibẹ̀.

Láàárọ̀ ni wọ́n ti gbà á láyè pé kí ó dán Àlàó wò láti orí àga, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣí i nínú. Ó gbé òòlù sókè, ó fa ọ̀pá ìdádúró, òòlù dúró. Ó tún gbé e, ó tún fà á, ó tún dúró. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ pọn omi, Àlàó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú ìrìn, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni ń jẹ́ aládùúgbò. Obìnrin kan tiẹ̀ bi í léèrè àlàáfíà irin rẹ̀. Òòlù kò mì. Níníọlá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, pé Bọ̀dé ló sùn lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó sì fi òòlù sílẹ̀ lókè pẹ̀lú ọ̀pá ní fífà. Bí ó ṣe gba iwájú ojú Àlàó kọjá, ẹ̀rọ náà kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Níníọlá ọmọ ẹ̀yìn ògiri."

Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sí Àlàó nínú nìyẹn. Lójoojúmọ́ ló máa ń fi eyín gé ìbínú, á sì jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ yìí, ó pòṣé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gbọ́ tí irin han lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, òòlù ti yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó sì ti tún gbá ara rẹ̀ mú.

Ó padà síwájú ojú náà. Ẹ̀rọ kí i, ó dákẹ́. Irin tún han, òòlù tún yọ̀. Níníọlá bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ògiri. Ohun tó mọ̀ nípa Àlàó tí àwọn mìíràn kì í rò ni pé kì í retí èsì ọmọdé bí ó ti ń retí ti àgbà. A kì í kán àgbà lójú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọ̀dọ́ tó bá dákẹ́, Àlàó á retí rẹ̀ díẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àgbà tó bá dákẹ́, Àlàó á dúró, á dúró, á tún dúró.

Ó lọ bá Bọ̀dé níbi tí wọ́n so ó mọ́, ó bi í pé ta ló wá sórí ògiri lọ́jọ́ náà kí òòlù tó já. Bọ̀dé ní kò sẹ́nì kankan, àfi Baba tó gbé omi wá fún Fọlárìn.

"Àlàó kí i?"

"Ó kí i."

"Ṣé Baba jẹ́ ẹ?"

Bọ̀dé wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè bóyá omi òkun níyọ̀. Ó ní ṣé kò mọ̀ pé Baba kì í jẹ́ Àlàó ni, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ni Baba ti yàn án lódì. Lẹ́yìn náà ni òye yé òun náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ọ̀nà ilé Baba Jẹ́gẹ́dẹ́, ó sì wo okùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Ohun tó wà lọ́kàn Níníọlá nìyẹn bí ó ti ń bá Olórí Ògiri fa ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ìlú. Ó rò pé ọ̀nà kan á wà láàárín. Ó rò pé òun lè fi àṣìṣe ẹ̀rọ hàn, kí òun sì fi orúkọ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Ó ní kí wọ́n gbọ́ òun. "Ọpọlọ Àlàó dà bí ọlọ́dẹ tó ń yí ọgbà po. Ní igun kan, á wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ẹni orí àga. Ní igun kejì, á wo òpó. Ní ìkẹta, á ké sí apá irin tó gbé òòlù dání pé, dì í mú. Ní ìkẹrin, á wo ojú èèyàn, á kí wọn, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti yí i po lọ́pọ̀ ìgbà. Apá ní tirẹ̀ kò ní làákàyè. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ: bí o kò bá gbọ́ ohùn ọlọ́dẹ mọ́, ọlọ́dẹ ti kú, sọ òòlù kalẹ̀, nítorí òòlù tó ti wà nílẹ̀ kì í wó lu ẹnikẹ́ni."

Olórí Ògiri ní ọgbọ́n ni ìyẹn.

"Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tún pàṣẹ pé kí ọlọ́dẹ dúró ní igun kẹrin."

"Kó dúró ṣe kí ni?"

"Kó dúró gba èsì. Bí ó bá ti ń retí èsì, kò yí ọgbà po mọ́. Kò wo ọ̀pá. Kò ké sí apá. Bọ̀dé lè fa ọ̀pá títí èjìká rẹ̀ á fi yẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó."

Ariwo sọ láàárín èrò. Ìyá Ọláìtán gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ti di ti ọmọ kékeré kan tó wà níbì kan láyé àtijọ́. Ó ní ní ọdún tí omi dé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi kó àwókù ilé kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kó ilé, ó kó àwọn tó wà nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n òun ń kígbe lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ohun tó bá kí ọ, tó sì dúró gba èsì lẹ́nu rẹ, ti gbà pé èèyàn ni ọ́," ó ní. "Ẹni tó ń kíni tó ń lọ, kò kíni. N kò ní í fi ìyẹn sílẹ̀ nítorí àbúrò ẹnikẹ́ni."

Níníọlá kò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òótọ́ ni, kí Àlàó máa dúró, ṣùgbọ́n kí ẹnu rẹ̀ ló máa dúró, kì í ṣe ọlọ́dẹ. Kí wọ́n jẹ́ kí òun wá ọlọ́dẹ mìíràn fún ẹnu, tí á máa kíni, tí á máa gba èsì, kí ti àkọ́kọ́ lè máa yípo rẹ̀ lọ láìsinmi. Olórí Ògiri ní ìyẹn á di ẹ̀yìn ìsìnkú. Ó ní àwọn kò tíì rí i pé òótọ́ ni. Ó ní ọjọ́ wo ni Àlàó kò kíni, ta ni kò sì jẹ́ ẹ rí? Ṣé ẹnì kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n á kí tí á ya odi ni?

"Àgbà tó bá dákẹ́ la nílò láti fi dán an wò," Níníọlá ní. "Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí, Màmá."

Èrò hó. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni, wọ́n ní ọmọ ẹ̀yìn ògiri ti fẹ́ kọ́ Olórí wọn ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Ọláìtán ní kí wọ́n tú ọwọ́ Bọ̀dé.

Wọn kò lo òpó Fọlárìn. Wọ́n wa Àlàó sún sẹ́yìn díẹ̀ sí kùkùté òpó kan tó ti gbó, wọ́n gbé òṣùká lé e, wọ́n sì gbé àgbọn kan sórí òṣùká, níbi tí orí Fọlárìn wà lọ́jọ́ náà. Bọ̀dé gun àga. Ó gbé òòlù lọ sókè téńté, ó fa ọ̀pá ìdádúró dé òpin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí gbogbo ayé lè rí i. Òòlù dúró gbagidi. Ìyá Ọláìtán ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀, ó rìn lọ síwájú ojú Àlàó.

"Ẹ káàsán o, Olórí Ògiri. Ara ò le bí?"

Obìnrin náà dákẹ́.

Gbogbo èèyàn ló rí i bí ó ti di akẹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọn kò kí i kí ó má jẹ́ ẹ rí, ara rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àlàó dojú kọ ọ́, ó ń retí, sùúrù rẹ̀ sì tó ti ìyá ọmọ. Irin han. Òòlù yọ̀, kò gbá ara rẹ̀ mú, ó já wálẹ̀, omi àgbọn sì ta sí aṣọ àwọn tó wà níwájú. Lórí àga, ọwọ́ méjèèjì Bọ̀dé ṣì wà lára ọ̀pá, ní fífà dé òpin.

Ìyá Ọláìtán gbójú sókè sí ẹ̀rọ, ó sì rọra ní, "A dúpẹ́, Àlàó."

Níníọlá rò pé ó ti tán. Àwọn kan ti ń sáré lọ dì mọ́ Bọ̀dé lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n Olórí Ògiri kò tíì dé akẹtẹ̀ rẹ̀ padà.

"Ta ni àgbà tó dákẹ́?"

"N kò mọ̀," Níníọlá ní.

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ aláìsàn. Ẹnu tó ń bú olówó, tó ń bú ẹ̀ṣọ́, kò mọ irọ́ í pa. Ìyá Ọláìtán ní kí ó tún un sọ, kò lè tún un sọ. Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní òwe, pé òfin kò mọ ẹnì kan lásán, pé orúkọ ni òfin ń béèrè. Bí kò bá sí orúkọ mìíràn, ti Bọ̀dé ló wà níwájú wọn. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Omi náà ti ń kún bọ̀, òkú kò sì tíì wọlẹ̀.

Níníọlá wo àbúrò rẹ̀. Bọ̀dé mi orí, rárá. Ó rántí ọpọ́n ìfọṣọ. Ó rántí okùn tó já wálẹ̀ láti òkè, tó kàn án létí, àti ohùn tó ní kí ó dì í mú, ìyá kékeré, dì í mú dáadáa. Ó yíjú sí apá ibi tí kò ti wò láti òwúrọ̀.

"Baba," ó ní, "ẹ gbà mí."

Baba Jẹ́gẹ́dẹ́ kò wò ó. Àfọ́kù àgbọn tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ó ti ń wò ó láti ìgbà tó fọ́. Ó ti mọ̀ kí gbogbo wọn tó mọ̀.

"Èmi ni," ó ní.

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di orí òpó ọmọ rẹ̀ mú fi dìde. Ó ní Àlàó kí òun lọ́jọ́ náà, òun gbọ́. Ó ti ń kí òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, òun kò jẹ́ ẹ rí, nítorí òun kò rí bí òun á ṣe jẹ́ ìkíni ohun tó gba orin lẹ́nu òun.

"Fọlárìn gbójú sókè látibi òṣùká," ó ní. "Ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Baba, ẹ dá a lóhùn, ṣebí kò ṣẹ̀ yín.' Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn."

Ìyá Ọláìtán dé akẹtẹ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí ìjìyà fún ìdákẹ́ nínú òfin Etí-Ògiri, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé èèyàn lè dákẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò. Bọ̀dé sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sì bú sẹ́kún, kò sì dà bí ẹkún ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Omi ti kún dé ìbàdí ògiri. Ó ń gba ojú àlàfo wọlé, ó ń fọ́n sí wọn lára. Wọ́n wa Àlàó padà síwájú òpó Fọlárìn. Baba Jẹ́gẹ́dẹ́ ní ohun kan ló kù tí òun fẹ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ọmọ òun lábẹ́ òòlù, bí àwọn agbápòó ti ń ṣe é.

Níníọlá ní rárá. Ó ní kí ó fọwọ́ kàn án nísinsìnyí, tí òòlù wà nílẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró kí òun ṣí Àlàó nínú, kí òun yọ ẹnu kúrò ní ọ̀nà ọlọ́dẹ ná. Olórí Ògiri nàka sí omi. Ó ní bí àlàfo náà bá ṣì lanu nígbà tí omi bá kún tán, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló máa wọ inú òpó lọ́la.

"Abẹ́ òòlù tó wà lókè la ti ń kí òkú wa pé ó dìgbóṣe," Baba Jẹ́gẹ́dẹ́ ní. "Èmi ni mo dá àṣà náà sílẹ̀. Òòlù tó ti sùn, ẹ̀rí kí ni yóò jẹ́ fún ọmọ mi pé mi ò bẹ̀rù láti dúró tì í?"

"Ṣé ẹ máa dá a lóhùn, Baba?"

Ó wò ó nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Màá dá a lóhùn, ìyá kékeré."

Níníọlá gbà á gbọ́. Àgbà wo ló ń purọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ọmọ rẹ̀? Ó sún sẹ́yìn. Bọ̀dé tún gun àga, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n wà. Òòlù gòkè, ó lọ téńté, ó dúró. Bàbá arúgbó náà mú òṣùká tuntun, ó gbé e lé orí òpó, ó tún un ṣe lọ́tùn-ún, ó tún un ṣe lósì, bí ìyá tí ń tún gèlè ọmọ ṣe. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Ojú Àlàó yí, ó bá a.

"Ẹ káàsán o, Baba Jẹ́gẹ́dẹ́. Ẹ kú ọ̀fọ̀."

Baba Jẹ́gẹ́dẹ́ gbé ojú sókè láìgbé orí kúrò, ó wo ojú kan ṣoṣo náà, ó wò ó pẹ́. Ẹnu rẹ̀ là. Wọ́n gbọ́ nǹkan nínú ọ̀fun rẹ̀, kì í ṣe èsì, ìbẹ̀rẹ̀ orin kan ni, ohùn kan ṣoṣo, kò dé ibi ègbè. Ó sì pa ẹnu náà dé.

"Baba, ẹ dá a lóhùn," Níníọlá kígbe.

Níníọlá ti ń sáré. Ó ń jẹ́ ìkíni náà fún un bí ó ti ń sáré bọ̀, a dúpẹ́ o, Àlàó, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n Àlàó mọ ohùn oníkálùkù, ti Baba ló ń retí. Lórí àga, Bọ̀dé ti fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀pá. Irin han. Bàbá arúgbó náà yí ojú sí òpó, ó gbá a mọ́ra.

Òòlù já wálẹ̀.